Ọdún Tí A Bí Màmá Mùjíbátù Akíngbadé Gan-an

Ọdún 1949 ni a bí ìyá wa, Màmá Mùjíbátù Dèbórà Akíngbadé, ní Lálúpọn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú. Kì í ṣe 1956. Ẹ̀yin ará ibi iṣẹ́ wọn tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, ẹ má wulẹ̀ máa wo ara yín lójú. Bàbá Sàníù, ẹ̀gbọ́n wọn tí wọ́n lọ búra 1956 ní kóòtù, ń bẹ níjòókòó, àwọn gan-an ni wọ́n sì ní kí a sọ ọ́. Olóògbé ti kúrò ní ẹni tí ọ̀gá lè lé lẹ́nu iṣẹ́. Èmi Olúfúnmi, àkọ́bí wọn, ni ẹbí ní kí n kọ ìtàn yìí. Bí ẹ bá gbọ́ owú nínú rẹ̀, owú ni lóòótọ́.

Ọmọ Alfa Rájí, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́, àti Ìyá Alímátù tí ń yan gàrí ni Màmá. Wọ́n kàwé dé kíláàsì mẹ́fà. Ní 1970 wọ́n fẹ́ bàbá wa, Hezekiah Akíngbadé, káfíńtà àti ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù, wọ́n sì bá ọkọ wọn wọ aṣọ funfun. Wọ́n bí mi ní 1972. Lẹ́yìn èyí, wọn kò tún lóyún fún ọdún mọ́kànlélógún. Gbogbo ìjọ ń gbàdúrà kí ọmọ tún dé, èmi kì í ṣe àmín. Èmi nìkan ni mo ń jẹ orí ẹja, èmi nìkan ni wọ́n ń kì láràárọ̀.

Ní 1978, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn kan ń wá obìnrin tí yóò máa gbin ẹ̀gẹ́, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Màmá ti di ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Bàbá Sàníù bá wọn dé kóòtù, wọ́n búra, ìyá wa sì fi ọdún méje kéré sí i kí oòrùn tó wọ̀.

Ní 1993 ni oyún dé, nígbà tí Màmá ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì. Ilé ìwòsàn tí ilé iṣẹ́ wọn ń lò ní Ìbàdàn fi ẹ̀rọ wo inú wọn, a rí ọkàn ọmọ tó ń lù. Dókítà wá ṣàlàyé pé bí obìnrin bá dàgbà kó tó lóyún, ó ṣeé ṣe kí ọmọ ní ohun tí àwọn ń pè ní Dáùn: ọgbọ́n rẹ̀ yóò máa falẹ̀, ojú rẹ̀ yóò sì yàtọ̀. Ó ní wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ Màmá ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, àwọn tọ̀hún á sì pa á pọ̀ mọ́ ọjọ́-orí Màmá láti ṣírò bí ewu náà ṣe tó.

Èmi ni mo kọ fọ́ọ̀mù, nítorí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́. Nígbà tí mo dé ibi ọjọ́-orí, mo wo Màmá, Màmá náà wò mí. Fọ́ọ̀mù yẹn máa gba ọ́fíìsì wọn kọjá. Mo kọ 1956. Èsì dé, ó ní ewu kò tó nǹkan. Wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi fi ojú pamọ́ síbi kan lẹ́yìn.

Ní oṣù Kẹta 1994 ni wọ́n bí Àdúràọlá, àbúrò mi obìnrin. Dókítà wo ojú rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní Dáùn ni. Mo bú sẹ́kún, mo ní ọwọ́ mi ni mo fi tan Màmá jẹ, pé ó ṣeé ṣe kí 1949 ti kì wọ́n nílọ̀. Màmá dá mi lóhùn pé bí ìwé bá kì wọ́n nílọ̀ ni, ẹ̀rù ì bá gbé wọn lọ síbi tí wọn kò ní gbé oyún náà bọ̀. Wọ́n ní mo ṣeun. Gbogbo omi tí mo pọn, gbogbo aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tí mo fọ̀, wọn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí. Ọpẹ́ ńlá kan ṣoṣo tí mo gbà lọ́wọ́ ìyá mi, ti Àdúràọlá ni.

Ọmọ náà kò tètè rìn. Màmá pọ̀n ọ́n, wọn kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Nígbà tí a sin bàbá wa ní 1995, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà. Nígbà tí mo bí Sanmí ní 1996, Màmá wá bá mi wẹ ọmọ nílé mi ní Ajíbọ̀dé, Àdúràọlá wà lẹ́yìn wọn, kò sí àyè fún ọmọ tèmi. Wọ́n ń gbé e lọ sọ́jà, wọ́n ń gbé e lọ síwájú pẹpẹ, títí tí obìnrin mẹ́ta ní Lálúpọn tí ń ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́lé fi gbé tiwọn jáde. Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé mò ń jowú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi dá jẹ nínú àwo, kí n nu ẹnu.

Ẹ̀jẹ̀ ríru mú wọn lọ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ 1999, ní ẹni àádọ́ta ọdún. Mo ń retí kí wọ́n kì mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tí wọ́n sọ fún mi kẹ́yìn ni pé ọ̀já wà nínú àpótí. Inú bí mi débi pé n kò sunkún.

Ẹbí ṣèpàdé, wọ́n ní kí a fi Àdúràọlá sí ilé ìtọ́jú àwọn aláìlera. Ọjọ́ méjì ni ọmọ náà kò jẹun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó wá dúró sẹ́yìn mi, ó ń fa ìró mi. Mo ṣí àpótí, mo mú ọ̀já, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wúwo. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn, ó pè mí ní Màmá. Owú náà tún gbé mi: òun ti rí ìyá míràn, èmi kò rí.

Olóògbé fi ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Sàníù, sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú ọmọ méjì, Olúfúnmi àti Àdúràọlá, àti ọmọ-ọmọ méjì, Sanmí àti Gift àbúrò rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni Àdúràọlá yóò máa gbé. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kan lórí ìyẹn, kó wá bá mi.

Màmá, ẹ sinmi ẹ̀yìn yín. Ọmọ yín ń sùn lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ sùn re o, ìyá èmi náà.