Àṣàkẹ́ Yín Ti Di Ará Màláwì

Bàbá mi, ẹni tó ṣe bàbá tó tún ṣe ìyá fún mi,

Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Etí omi ni mo jókòó sí bí mo ṣe ń kọ èyí, àmọ́ kì í ṣe ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Màláwì ni a wà báyìí, èmi, Délé ọkọ mi, àti ọmọ wa. Adágún ńlá kan wà níbí tí ojú kì í ká òdìkejì rẹ̀. Ẹja wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń sá sórí àtẹ létí omi, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo abúlé. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ òórùn yẹn, ṣe ni omi bọ́ lójú mi. Mo rò pé ẹ máa yọ sí mi láti ẹ̀yìn ọkọ̀ kan.

Ìjọ wa ní Ìgbògbò ló rán wa wá. Ẹ mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí Délé ti ń lépa iṣẹ́ míṣọ́nnárì. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa wàásù ní àwọn abúlé etí adágún yìí, àti nọ́ọ̀sì tí yóò máa tọ́jú àwọn aboyún wọn. Ọdún méjì ni wọ́n ní ká lò. Inú mi dùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ Móyọ̀ ọmọ wa ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ ọdún mẹ́rin péré ni nígbà náà. Ẹ̀yin lẹ fún un ní oríkì Àṣàkẹ́ nígbà tí kò tíì lè dá jókòó, kò sì pẹ́ sí i tí ẹ fi wá sílẹ̀.

A gba Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti dágbére fún ẹ̀gbọ́n yín, Ìyá Ràfíù. Ìdí ẹja yíyan wọn ní Ọjà Olúwo la bá wọn. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ibi tí à ń lọ.

Wọ́n ní, "Ṣé ilé ìwòsàn wà níbẹ̀?"

"Èmi gan-an ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é, Mà."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n na ọwọ́ sí Móyọ̀, wọ́n fà á mọ́ra. "Iṣẹ́ Ọlọ́run dáa, mi ò bá yín jà. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa lọ. Àmọ́ ẹ fi Àṣàkẹ́ sílẹ̀ fún mi."

Délé wolẹ̀. Bàbá, kí n má parọ́ fún yín, ọkàn mi fẹ́ gbà fún wọn. Mo mọ ilé yẹn. Mo mọ̀ pé ọmọ kì í febi sùn níbẹ̀.

Ìyá Ràfíù bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹja sínú ọ̀rá fún wa. Bí wọ́n ṣe ń dì í lọ́wọ́ ni wọ́n ṣàdédé bú sẹ́rìn-ín.

"Báyìí náà ni bàbá rẹ ṣe mí. Nígbà tí ìyá rẹ kú, mo wá mú ẹ. Ó ní òun ò fún mi. Ó ní inú ọkọ̀ òun ni wàá ti dàgbà. Ọkọ̀ tó ń kó èrò lójú omi! Ìró mi ló tún gbà, ló fi dè ẹ́ mọ́ àyà. Mo bú u, mo sunkún. Nígbà tó yá, mo wò ẹ́, mo rí i pé ò ń sanra." Wọ́n gbé ọ̀rá ẹja náà lé mi lọ́wọ́. "Ẹ mú Àṣàkẹ́ dání."

Wọ́n wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé Móyọ̀ lórí, wọ́n sì ṣàdúrà fún un lédè Lárúbáwá, ó pẹ́ díẹ̀. Èmi àti Délé ń ṣe àmín, ohùn wa sì ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọlọ́jà ẹ̀gbẹ́ wọn fi yíjú wò wá.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọkọ̀ yín ti ń padà sọ́kàn mi. Bí ẹ ṣe máa ń fi ọwọ́ bò mí létí méjèèjì kí ọmọ iṣẹ́ yín tó fa ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ ṣe máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí àkàrà kí ẹ tó fún mi. Tí àkókò ìrun bá tó, ẹ ó so ọkọ̀ mọ́ èbúté, ẹ ó ṣe àlùwàlá, èmi á sì jókòó sí igun ẹní yín títí ẹ ó fi sálámà.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ẹ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnìkan ní kí ẹ ṣí fìlà. Ẹ ṣí i, ẹ gbé e lé orúnkún, ẹ sì jókòó jẹ́ẹ́ títí wọ́n fi so wá pọ̀. Ṣé ó dùn yín, Bàbá? Àbí ẹ ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́? Mi ò bi yín rí. Mo rò pé àyè ṣì pọ̀ níwájú.

Oṣù àkọ́kọ́ níbí ò rọrùn. Móyọ̀ ò bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Tó bá ti jí, ohun tó máa ń bi mí ni pé ṣé òní la ń lọ sílé. Ìyá àgbà kan ní ilé kejì ló gbà mí. Ó máa ń mú un lọ sétí omi kí wọ́n jọ máa lé ẹyẹ kúrò lórí ẹja. Ẹ̀rín ni ọmọ náà fi kọ́ èdè wọn.

Ìyá Ràfíù máa ń pè wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Lọ́jọ́ kan Móyọ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé agogo ni yín?"

"Agogo? Èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri?"

"Rárá o! Ìyá àgbà ni wọ́n ń pè ní agogo níbí."

"Ó dáa. Agogo tó ti gbó ni mí, àmọ́ mo ṣì ń ró."

Ọdún méjì náà ti ń parí lọ. Ìjọ ní ká sọ bóyá a ó padà wálé tàbí a ó dúró, nítorí wọn ò tíì rí ẹni tí yóò rọ́pò wa. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, àwọn obìnrin abúlé gbé adìyẹ wá fún wa. Olórí wọn sọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbọ́ tán. Kí n tó la ẹnu, Móyọ̀ ti dá a lóhùn, gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́.

Mo ní, "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ṣé a máa lọ ni."

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

"Mo ní ilé wa nìyí."

Bàbá, inú mi dùn, ó sì tún gún mi lọ́kàn. Ó ti gbàgbé àdúgbò wa ní Ìgbògbò. Lánàá ló bi mí bóyá omi wà ní Ẹ̀pẹ́.

A ti pinnu pé a ó dúró. Kí a tó kúrò nílé ni Ràfíù ti ní òun á máa bá wa tún ojú sàréè yín ṣe. Tó bá di Jímọ̀, màá sọ fún Ìyá Ràfíù. Mi ò tíì mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún.

Èmi ni, ọmọ yín kan ṣoṣo, tí ọ̀rọ̀ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.