MO TI DÉ: Ìgbésí Ayé Bàbá Titus Oyèwùmí, Káfíńtà Tó Kan Ọkọ̀ Omi ní Apòmù

Ọmọ bíbí agboolé Gbádégẹṣin ní Apòmù ni Bàbá wa, Titus Oyèwùmí, tí ẹ bá wa sin lónìí. Nǹkan bí ọdún 1903 ni wọ́n bí wọn. Kò sí ẹni tó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá wọn máa ń sọ pé òjò ńlá ló ń rọ̀, pé díẹ̀ ló kù kí agbẹ̀bí má lè dé. Àgbẹ̀ ni baba wọn, ọ̀kan lára àwọn tó tètè gbin kòkó nígbà tí àwọn aládùúgbò ṣì ń bi wọ́n léèrè pé irú ọbẹ̀ wo ni wọ́n fẹ́ fi sè. Ará Ìkirè ni ìyá wọn. Ìdí nìyẹn tí ìlú méjèèjì fi ń já Bàbá gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́: bí wọ́n bá ṣe rere, Ìkirè á ní ọmọ àwọn ni, bí ọkọ̀ wọn bá rì, Ìkirè á ní kí Apòmù wá mú ọmọ rẹ̀.

Ní ọdún 1913, wọ́n wọ ilé-ìwé ìjọ ní Ìkirè, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ṣe ìrìbọmi. Ìwé kẹta ni wọ́n kà dé. Orí wọn pé, ọwọ́ wọn ni kò jẹ́ kí orí ráyè. Lọ́jọ́ kan, wọ́n tú ẹsẹ̀ àga tíṣà láti wo bí wọ́n ṣe so ó pọ̀. Wọn kò tíì dá a padà tí tíṣà fi wọlé, tó sì jókòó. Baba wọn kò bínú púpọ̀. Ó ní ọmọ tó bá ń tú nǹkan, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to nǹkan ni ká mú un lọ. Bàbá kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Ìbàdàn fún ọdún méje, wọ́n gba ìyọ̀ǹda ní 1925, wọ́n sì padà sílé.

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé lọ́rì tó ń ti òkè òkun bọ̀ nígbà náà, orí àti egungun ìsàlẹ̀ nìkan ló ń ní. Àwọn káfíńtà bíi Bàbá ló ń fi pákó kan ara rẹ̀, tí wọ́n ń to bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ lọ́rì tó kó kòkó láti Ìkirè àti Gbọ̀ngán lọ sí Ìbàdàn, abẹ́ páànù wọn ní Apòmù ló ti jáde. Bàbá le lórí iṣẹ́. Bí pákó méjì bá fẹnu kora tí ìmọ́lẹ̀ sì gba àárín wọn kọjá, wọn á tú u, wọn á tún un kàn, dírẹ́bà ì báà máa sunkún lẹ́nu ọ̀nà.

Ní 1931, wọ́n gbé Adébímpé níyàwó. Ìyá wa ga, wọ́n rẹwà, ohùn wọn ló ń gbé orin ìjọ dúró. Bàbá náà wọ ẹgbẹ́ akọrin nítorí wọn. A kò ní torí pé òkú wà nílẹ̀ ká wá parọ́: Bàbá kò lè kọrin. Ṣùgbọ́n ìwé orin kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì jọ ń dì mú fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọlọ́run fi Obadiah, Adéfúnkẹ́ àti Adéọlá ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1946, àwọn méjèèjì lọ ká kòkó ní Òkè-Odò, abúlé tó wà ní ìhà kejì odò Ọ̀ṣun. Ìyá wa wà nínú oyún kẹrin, ó ku oṣù kan kí ó pé. Odò kún lọ́dún náà débi tó fi bo gbogbo ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ sí afárá ojú títì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìrọbí mú Ìyá wa lójijì, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà. Wọ́n gbé wọn dé etí odò, wọ́n pariwo sí àwọn tó wà lódìkejì, ẹnì kan sì fi kẹ̀kẹ́ sáré lọ pe nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ní Ìkirè. Nọ́ọ̀sì náà, Edith, dé. Bàbá ń wò ó lódìkejì, nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Omi nìkan ló wà láàrin wọn. Àwọn atukọ̀ gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, odò gbá ọkọ̀ àjẹ̀ wọn lọ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Wọ́n ń ké pé, "Ẹ ní sùúrù, à ń bọ̀!"

Ìyá wa ń béèrè pé, "Bàbá Obadiah, ṣé wọ́n ti dé?"

Bàbá ń dáhùn pé wọ́n ti ń bọ̀. Bí Ìyá wa ṣe ń béèrè títí di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Nígbà tó yá, wọn kò béèrè mọ́.

Bàbá fúnra wọn ló kan pósí náà. Wọn kò jẹ́ kí ẹlòmíràn wọn gígùn ìyàwó wọn.

Fún ọdún kan gbáko, wọn kò kan lọ́rì kankan. Ní ìparí 1947, wọ́n dìde nínú ìpàdé ìjọ, wọ́n ní àwọn yóò kan ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń wà, tí yóò sáré ju ìkún omi lọ, nítorí pé ọkọ̀ tó bá lọ́ra, odò ló ni ín. Wọ́n ní obìnrin kankan kò tún ní jókòó sí etí odò yẹn máa dúró títí ẹ̀mí á fi bọ́. Alàgbà Adépọ̀jù, tó ń ra kòkó, fún wọn ní lọ́rì kan tó ṣubú ní Wásinmi, pé bí ọkọ̀ bá parí, kí ó máa bá òun kó kòkó láti Òkè-Odò. Bàbá gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí aláìsàn bá dé, kòkó á sọ̀kalẹ̀. Adépọ̀jù gbà kíákíá. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í wúwo bí àpò kòkó.

Ràímì, mẹ́káníìkì Gbọ̀ngán, tú ẹ́ńjìnnì lọ́rì náà, Bàbá sì kan ọkọ̀ kìíní nínú ọyẹ́, bí wọ́n ṣe ń kan lọ́rì gẹ́lẹ́. Pákó rẹ̀ gbẹ, ó fún mọ́ra débi pé okùn òwú kò lè gba àárín wọn. Iwájú rẹ̀ dúró gbagidi bí iwájú lọ́rì. Ní oṣù kẹta 1948, Ìkirè àti Apòmù tú jáde wá sí etí odò, a kọ orin, a ti ọkọ̀ sómi. Pákó tó gbẹ mu omi, ó wú, kò rí ibi tí yóò wú sí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ti èkejì rẹ̀. Ìṣó ń já, pá, pá, pá. A kò tíì dé ẹsẹ kejì orin tí ọkọ̀ fi rì. Ràímì wọ omi lọ fa ẹ́ńjìnnì jáde. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ Ìkirè ti ń pe Bàbá ní Káfíńtà Tó Ṣe Ìrìbọmi Fún Lọ́rì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá di ẹrù wọn, ó di Ẹ̀pẹ́, lọ́dọ̀ àwọn tó ń kan ọkọ̀ ọ̀sà. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta ń gbá èérún pákó fún ọ̀gá tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Wọ́n lo oṣù márùn-ún níbẹ̀. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń fi àyè sílẹ̀ láàrin pákó kí igi lè mí, bí a ṣe ń fi òwú àti ọ̀dà dí i, bí a ṣe ń mú imú ọkọ̀ ṣe ṣónṣó, tí a sì ń tẹ́ ìdí rẹ̀ pẹrẹsẹ kí ó lè gòkè lórí omi tó bá ń sáré. Ohun tó dùn wọ́n jù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ fún wa, ni pé àyè tí àwọn ti ń fi gbogbo ayé àwọn dí náà ni ọkọ̀ nílò.

Ní 1949, wọ́n gbé Edith níyàwó, nọ́ọ̀sì tó dúró lódìkejì odò lọ́jọ́ burúkú náà. Àwọn méjèèjì ló mọ ohun tí ojú wọn rí. Ọdún méjì ni wọ́n fi kan ọkọ̀ kejì. Ọ̀gànwó ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ìrókò ni egungun rẹ̀. Wọ́n rọ àjẹ̀ irin tó ń yí lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní Ìbàdàn: èkíní tóbi jù, ó ń gbọn ọkọ̀ bí akọ ibà, èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀, ẹ̀kẹta ló gbọ́ràn. Ẹ́ńjìnnì náà ń mu omi odò láti fi mú ara rẹ̀ tutù; kí ewé má baà dí ẹnu rẹ̀, Bàbá mú asẹ́ ògì Màmá Edith, wọ́n gé e, wọ́n so ó mọ́ ọn. Ìjà ọ̀sẹ̀ kan ló ti ibẹ̀ jáde. Fèrè lọ́rì náà wà níbẹ̀, ìtọ́kọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Láàrin ọkọ̀, wọ́n kan ibùsùn kan, wọ́n tẹ́ ẹní sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bí wọ́n ṣe mọ gígùn tí yóò jẹ́, wọn á ní àwọn ti wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀.

Oṣù kẹwàá 1951 ni ọjọ́ ìdánwò dé. Omi ti tún kún. Ọkọ̀ wà ní Òkè-Odò, àpò kòkó mọ́kànlá ti wà nínú rẹ̀, Alàgbà Adépọ̀jù sì dúró tì í, nígbà tí àgbẹ̀ kan, Làtífù, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé ìyàwó rẹ̀ Àmọ̀kẹ́ dé lórí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ. Ọjọ́ kejì ìrọbí rẹ̀ nìyẹn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ju àpò kòkó sínú ẹrẹ̀.

Adépọ̀jù figbe ta: "Titus! Kòkó mi! Òjò ń bọ̀ o!"

"Òjò ń bọ̀, ọmọ náà ń bọ̀, Alàgbà. Ẹ bá mi di etí àpò yìí mú."

Alàgbà kò di etí àpò kankan mú, wọn kò sì kí Bàbá títí Kérésìmesì méjì fi kọjá. Wọ́n wà níjókòó láàrin wa lónìí. Àwọn fúnra wọn ló ní ká má yọ ọ́ kúrò nínú ìwé yìí.

Èbúté tó súnmọ́ títì wà ní máìlì kan àbọ̀ sí òkè odò, ìṣàn omi sì dojú kọ wọ́n. Ọkọ̀ gbéra, imú rẹ̀ gòkè, ó ń là á lọ. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì ọ̀nà, ewé kún ẹnu asẹ́, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Bí ó bá kú, odò ló ni gbogbo wọn. Bàbá fa ìtọ́kọ̀ lé Làtífù lọ́wọ́, ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí. Làtífù ní "Bísímílà," ó dì í mú pẹ̀lú ojú dídì. Bàbá tẹ̀ ba etí ọkọ̀, wọ́n na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ páìpù gbígbóná, wọ́n ń ha ewé náà kúrò. Páìpù bó wọn lápá láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Wọn kò fa ọwọ́ yọ títí ẹ́ńjìnnì fi tún mu omi. Àpá tí gbogbo yín mọ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ké.

Àmọ̀kẹ́ béèrè láti orí ibùsùn pé, "Ṣé a ti dé?" Bàbá fọn fèrè, wọ́n sì ń fọn ọ́n lọ títí dé èbúté, níbi tí Màmá Edith, tí wọ́n ti ránṣẹ́ sí, ti dúró nínú aṣọ funfun. Màmá kò dúró kí ọkọ̀ gúnlẹ̀. Wọ́n wọ omi dé orúnkún, wọ́n gòkè, wọ́n sì dá ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára Àmọ̀kẹ́ dúró. Ìyá àti ọmọ yè.

Títí di ọjọ́ náà, ọkọ̀ kò ní orúkọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá fi ọwọ́ tó ń ro wọ́n kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà funfun: MO TI DÉ. Wọn kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Màmá Edith mọ ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn.

Láti ìgbà náà, kò sí obìnrin tó kú sí etí odò yẹn nítorí àìsí ọkọ̀. Bàbá di olùṣọ́ ìjọ ní 1954, wọ́n kan àga ìwàásù tuntun, wọ́n sì ń kọrin lọ láìgbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni. Wọ́n máa ń bínú, wọn kì í sì pẹ́ rẹ́rìn-ín. Àyà dídùn ló dá wọn dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ keje oṣù kẹwàá 1959, Ràímì, tó ń wa ọkọ̀ báyìí, wá wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí wọ́n bá a sọ ni pé, "Ṣé o ti fọ asẹ́ yẹn?" Ó ní òun ti fọ̀ ọ́. Wọ́n ní ó dáa. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti pa ojú dé.

Wọ́n fi Màmá wa Edith sílẹ̀ sáyé, àti Obadiah, tíṣà ní Gbọ̀ngán, Adéfúnkẹ́, tó wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn, Adéọlá, tó jogún irinṣẹ́ wọn, Àṣíáwù Abíọ́nà, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́ta. Àwọn kan nínú ẹbí ti bi wá pé báwo ni Àṣíáwù, ọmọ Làtífù, ọmọ Mùsùlùmí tí a bí sójú omi, ṣe wọ àárín àwọn ọmọ Oyèwùmí. Kì í ṣe àwa la kọ ọ́. Nígbà tí a ṣí Bíbélì ilé láti mú ọjọ́ ìbí wa jáde, a rí i pé Bàbá ti fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ àwa mẹ́ta láti 1946, fún ọmọ kẹrin tó bá ìyá rẹ̀ lọ. Nínú àyè náà ni wọ́n kọ ọ́ sí, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá tí wọ́n fi ń kọ iwájú lọ́rì: ÀṢÍÁWÙ, 1951.

Láti Ọjọ́rú ni ọkọ̀ wọn ti ń kó àwọn ará Òkè-Odò wá bá wa kẹ́dùn, bí omi ṣe kún tó yìí. Gbogbo wọn dé láìséwu.

Bàbá, ẹnì kan ti ń dúró dè yín lódìkejì láti ọdún mẹ́tàlá. Màmá Edith ló ní ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fọn fèrè. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti dé. Kí ilẹ̀ fẹ̀ fún yín, kí ìsinmi yín tutù. Ẹ sùn re o.