Ọkọ̀ Bàbá Mi, Ìdá Kan Nínú Mẹ́wàá

                                                  Ilé Nunokawa,
                                                  Ẹ̀bá Odò, Sugasawa,
                                                  Izu, Shizuoka.
                                                  Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kọkànlá, 2021.

Kiyotaka, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Mutsumi ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀? Ìyá ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń bá àwọn ará inú tẹlifíṣọ̀n jà? Mo gbọ́ pé yìnyín ti ń já bọ́ lọ́dọ̀ yín ní Kushiro. Ẹ kú òtútù o, ẹ kú ìfaradà. Ẹja gbígbẹ tí ẹ fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ wa, a sì ti jẹ ẹ́ tán kí n tó ráyè dúpẹ́. Jọ̀ọ́, má bínú. Ọwọ́ mi ló dí, bó o bá sì gbọ́ ohun tó dí i, wàá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún fi máa parí.

Ọkọ̀ ìṣeré ni mò ń ṣe láti oṣù kejì. Èmi Tadaomi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, tí mo ti di bàbá àgbà. Kì í kúkú ṣe èyí tí ọmọdé ń fi okùn fà. Èyí tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí ni, tó ń gun òkúta, tó ní sípíríńgì àti ẹ́ńjìnnì kékeré tirẹ̀. Ọkọ̀ Bàbá ni mo tún ṣe, ọkọ̀ ẹlẹ́rù kékeré funfun yẹn tí wọ́n fi ń kó wasabi, gbòǹgbò tó ń ta bí ata, wálẹ̀ láti oko orí òkè, èyí tó gbé ẹrù ẹ lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ tí ò ń kó lọ. Mo ṣe é ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, bó ṣe rí gan-an, láìfi kún un, láìyọ kúrò.

Wàá béèrè pé kí ló dé. Ọ̀rẹ́ mi, èmi ni mo fọwọ́ ara mi fa gbogbo ẹ̀. Nígbà tí ewé ń pọ́n lọ́dún tó kọjá, Bàbá fi ọkọ̀ náà họ igi eléso kaki aládùúgbò, kò sì pẹ́ tí wọ́n tún wà á wọ oko ìrẹsì olóko lọ ràì. A sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà. Èmi pẹ̀lú wọn la jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n dá ìwé ìwakọ̀ wọn padà, wọ́n tẹrí ba fún ọlọ́pàá náà, a sì padà sílé. Ìyẹn ò dá nǹkan kan sílẹ̀. Àmọ́ nínú oṣù kejìlá, lọ́jọ́ tí Yaeko ìyàwó mi mú wọn lọ fi ojú wọn han dókítà, mo pe àwọn tó ń ra ọkọ̀ àlòkù pé kí wọ́n wá gbé e lọ. Mi ò sọ fún Bàbá. Mo rò ó nínú ara mi pé bí wọn ò bá fojú rí i nígbà tó ń lọ, kò ní dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ tèmi nìyẹn o! Bàbá dé, wọ́n wo ilé ọkọ̀ tó ṣófo, wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n wọlé. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan mọ́.

Tábìlì kan náà la ti ń jẹun o. Bí wọ́n bá fẹ́ ìgò sóyà tó wà níwájú mi, wọ́n á ní, "Yaeko, bá mi sọ fún ọkọ ẹ kó gbé ìgò yẹn síbí." Èmi á gbé e fún Yaeko, Yaeko á gbé e fún wọn. Ó tó oṣù mẹ́wàá tá a fi ń ṣe báyìí. Yaeko ní iṣẹ́ agbọ̀rọ̀sọ tóun ń ṣe nínú ilé yìí, òun ò gbowó oṣù ẹ̀ rí.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ò ju kí n lanu, kí n ní "Bàbá, ẹ má bínú." Ìwọ náà mọ̀ wá nílé wa, ọrùn wa le. Dípò kí n tọrọ àforíjì, mo lọ ra ike.

Ọkọ̀ ti lọ, kí ni mo fẹ́ wọ̀n? Mo wá rántí pé ilẹ̀ ilé ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ibi tí òróró ń kán sí ti dúdú, ibi tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dúró sí ti jìn wọnú sìmẹ́ǹtì, orí ọkọ̀ sì ti họ igi àjà sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú rúlà, mò ń wọn àbàwọ́n òróró, mò ń kọ ọ́ sínú ìwé. Bàbá ń wò mí láti ojú fèrèsé. Yaeko jáde wá ká aṣọ, ó bá mi nílẹ̀.

"Bàbá Chizuru, ṣé o ṣubú ni?"

"Mò ń wọn nǹkan ni."

"Ilẹ̀ tó dọ̀tí yẹn? Wá fi omi fọ̀ ọ́, kó o yé wọ̀n ọ́n!"

Mo sún rúlà síwájú. Oṣù mẹ́jọ ni mo lò nídìí ẹ̀. O mọ̀ mí, tó bá ti jẹ́ ká ṣe nǹkan bó ṣe rí gan-an, orí mi kì í pé mọ́. Mo ya ìpẹtà sábẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ṣe ìkọ́ okùn méjìlá tó wà lára àpótí ẹ̀yìn, mo sì tẹ ìkẹta wọ́, torí pé ó wọ́. Sípíríńgì ẹ̀yìn lápá òsì ti rọ̀ nítorí ẹrù wasabi tí wọ́n ń dì sí apá kan, nítorí náà mo wá sípíríńgì tuntun tó dáa, mo sì fi iná bà á jẹ́ kó lè rọ̀ bákan náà. Táyà ńkọ́? Táyà ọkọ̀ náà tín-ín-rín, kò tóbi ju bísíkíìtì lọ ní ìwọ̀n tèmi. Tín-ín-rín náà ni mo fi sí i. Ẹ́ńjìnnì tí kò lágbára ni mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ wá. Gbogbo àléébù ọkọ̀ yẹn pátá ni mo fi sùúrù ṣe, bí ẹni pé wọ́n máa fún mi lóyè lé e lórí.

Lọ́jọ́ Àìkú kejì nínú oṣù kẹwàá, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ wa, àwa tá à ń fi ọkọ̀ rìmóòtù gun òkúta. Ìsàlẹ̀ odò, níbi tí omi ti fà, la ti máa ń pàdé. Ọ̀gá Odagiri tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni olórí wa. Táyà ọkọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tóbi bíi kábéèjì, kò sí òkúta tí kì í gùn. Wọ́n yí tèmi ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń yìn ín. Orí mi wú. Mo ní tèmi kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn kó nǹkan jọ sí lára, pé bí ojúlówó ṣe rí ló rí, àti pé àwọn tó ń fi táyà kábéèjì sí ọkọ̀ ò mọ iyì iṣẹ́ ọwọ́. Ẹnu mi náà ni mo fi sọ ọ́ o.

Mo wá gbé e sílẹ̀. Òkúta àkọ́kọ́ tó pàdé kò ju ìrẹsì tí wọ́n fọwọ́ mọ lọ. Ó dúró níwájú ẹ̀, ó ń gbọ̀n. Mo tẹ rìmóòtù, táyà yí lórí ibi kan náà. Mo tẹ̀ ẹ́ gan-an, sípíríńgì tí mo fọwọ́ ara mi bà jẹ́ bá tẹ̀ sí òsì, ọkọ̀ sì dojú dé gbì. Mo gbé e dìde, ó tún dojú dé. Ìgbà mẹ́fà!

"Nunokawa," ni Ọ̀gá Odagiri wí, "ọkọ̀ yìí rẹwà o. Inú gíláàsì ní pálọ̀ ló yẹ kó wà. Kí ló ṣe ẹ́ tó o fi gbé e wá síta?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé ara mi gbóná. Nígbà tá à ń tú ká, Ọ̀gá Odagiri fi táyà ńlá mẹ́rin tó ti lò sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi gbàgbé ìtìjú. Mo sọ pé mi ò fẹ́, mo sì gbà á. Èmi tí mo sọ̀rọ̀ iyì iṣẹ́ ọwọ́! Kí n tó jẹun alẹ́, mo ti dè é mọ́ ọkọ̀ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbàgbé ọkọ̀ náà sórí tábìlì ìjẹun. Bàbá wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n gbé abọ́ ọbẹ̀ miso wọn. Wọ́n rí ọkọ̀ náà. Wọ́n wò ó, wọ́n wò ó, wọ́n sì gbé abọ́ náà kalẹ̀.

"Kì í ṣe táyà ẹ̀ nìyí," ni wọ́n wí.

Mo wo Yaeko. Mò ń retí kó bá mi tún un sọ. Kiyotaka, ó ti mọ́ mi lára débi pé mo kọjú sí ìyàwó mi, mo ní, "Sọ fún Bàbá pé ẹnì kan ló fún mi." Yaeko fi aṣọ ìnubọ́ gbá mi lẹ́yìn.

"Ìwọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, òmùgọ̀!"

Mo wá yíjú sí wọn. Bàbá ti gbé ọbẹ̀ wọn padà. "Táyà ẹ̀ kéré," ni wọ́n ní, wọ́n sì mu ọbẹ̀ wọn tán. Mo tú táyà kábéèjì kúrò lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kékeré nìkan ni wọ́n ń bá mi sọ, kò sì pọ̀. Wọ́n á kọjá, wọ́n á ní ìkọ́ yẹn ò wọ́ tó, tàbí pé dígí ọ̀tún ọkọ̀ gidi ti sán tipẹ́. Tó bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun tí mo ṣe nínú oṣù kejìlá, ẹnu wọn ti pa, tèmi náà sì ti pa. Mo máa ń múra pé òní ni màá sọ ọ́, tí mo bá ti rí ojú wọn báyìí, màá béèrè bóyá wọ́n fẹ́ tíì.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá yìí, mò ń gbé ọkọ̀ náà sínú àpótí ni mo rí Bàbá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti wọ bàtà oko wọn, wọ́n dé fìlà, wọ́n fi tówẹ̀lì kọ́ ọrùn. "Ṣé o ò lọ mọ́ ni?" ni wọ́n bi mí. Ọ̀nà kò jìn, a fẹsẹ̀ rìn ín.

Nígbà tá a débẹ̀, ọkọ̀ mi tún dojú dé níwájú òkúta kan náà. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń di ẹnu mú. Bàbá na ọwọ́, wọ́n gba rìmóòtù. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n wà á lọ kọ lu ojúgun Ọ̀gá Odagiri. Èkejì, wọ́n wà á wọ omi. Mo fẹ́ gbà á padà, wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí.

"O ń tẹ̀ ẹ́ jù," ni wọ́n wí. "Ọkọ̀ yìí ò lágbára. Fà á sẹ́yìn díẹ̀. Jẹ́ kó wá ibi tó máa gbà."

Wọ́n fà á sẹ́yìn. Wọ́n yí imú ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n gbé táyà òsì kan lé òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n dúró. Wọ́n tún sún un. Ọkọ̀ náà tẹ̀ sí òsì bó ṣe máa ń tẹ̀, wọ́n sì ń lo títẹ̀ náà, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, títí tó fi dé orí òkúta, tó sì sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀gá Odagiri bọ́ fìlà ẹ̀. Bàbá ò tiẹ̀ wò wọ́n, wọ́n ti kọjú sí òkúta mìíràn, èmi náà ń tẹ̀ lé wọn.

A ti jìnnà díẹ̀ sí àwọn yòókù nígbà tí wọ́n béèrè, ojú wọn ṣì wà lára ọkọ̀.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbé e, ṣé ó ṣíná?"

Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, kódà Yaeko ò mọ̀. Mo ní, "Kò ṣíná, Bàbá." Mo wá tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin méjì ló wá, mo sì ń fọ́nnu níwájú wọn pé ọkọ̀ ilé wa ni, èmi fúnra mi ni màá wà á gun ọkọ̀ ńlá wọn. Mo yí kọ́kọ́rọ́ títí bátìrì fi kú. Ó wúkọ́, ó tú èéfín sí mi lójú, ó dákẹ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká tì í. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo fojú lu ẹrẹ̀. Wáyà ni wọ́n fi wọ́ ọ gòkè nígbẹ̀yìn.

"Ìwọ fúnra ẹ lo tì í?"

"Èmi ni, Bàbá."

"O sì ṣubú?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn láti ìgbà tí ìyá mi ti ṣaláìsí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí òkúta, wọ́n ń fi tówẹ̀lì nu ojú. "Ó kọ̀ fún wọn!" ni wọ́n ń wí. "Ó kọ̀ fún ìwọ náà!"

Ibẹ̀ ló ti jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ó yẹ kí n dúró dè yín."

Wọ́n ká tówẹ̀lì náà. "Ó yẹ kó o dúró," ni wọ́n wí. "Irin kékeré kan wà lábẹ́ sítíárín, ìgbà méjì ni wọ́n ń fà á, wàá sì ka ení dé ẹẹ́wàá kó o tó yí kọ́kọ́rọ́. Mi ò fi hàn ẹ́ rí. Mo máa ń rò pé ọjọ́ ṣì pọ̀." Wọ́n wá na rìmóòtù sí mi. "Gbà. Dúró síbí, kí n kọ́ ẹ."

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò ríran dáadáa mọ́ nígbà tí mo gbà á, mo sì tún wa ọkọ̀ náà kọ lu òkúta. Wọ́n bú mi burúkú. Èmi ni wọ́n dojú kọ, wọn ò gba ẹnu Yaeko. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Bá mi kí Mutsumi, sì bá mi dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá. Yaeko kí gbogbo yín, ó fi wasabi díẹ̀ sínú àpótí tó ń bọ̀. Bàbá náà kí ẹ, wọ́n ní kó o wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn.

Èmi ọ̀rẹ́ ẹ tí orí ẹ̀ ò pé,
Tadaomi Nunokawa