Ibòòji De Kòkó

Bàbá mi,

Ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ dáadáa. Ẹ bi mí pé kí ni mò ń ṣe gan-an. Àwọn kan ń kọ kóòdù tí kọ̀ǹpútà yóò fi máa darí ẹ̀rọ tuntun kan, èmi ni mo ń wá àṣìṣe inú rẹ̀. Wọn ò sì tíì ṣe ẹ̀rọ náà rárá. Ó rú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lójú, kò rú èmi lójú. Ṣebí èmi àtẹ̀yin la jọ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sóko Ofosu, kí ibòòji ti wà nílẹ̀ de kòkó. Nígbà tí mò ń bọ̀ lókè òkun níbí, mo ní kí kòkó náà tó so, n ó ti dé. Ẹ ní ẹ ti ká a lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n tún ní ìwé ìgbélùú mi, tí n ò lè wálé láìsí i, ò ní pẹ́ jáde.

Ẹ kí Màmá. Ẹ bá mi kí àwọn kòkó tí n ò tíì rí.

Akinolúwa