Orúkọ Tí N Ò Kọ Sínú Ìwé Ẹgbẹ́

Màmá mi àtàtà,

Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí a sin yín, n ò tíì sunkún. Mo ń jí, mo ń gbálẹ̀, mo ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé mi, mo sì ń padà wálé. Àwọn èèyàn ní mo láyà. Bóyá òótọ́ ni. Ṣe ni gbogbo ara mi kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé mo ti ṣẹ̀ yín, n ò sì mọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ yìí.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ obìnrin wa ní Èkó fẹ́ tẹ ìtàn ẹgbẹ́ náà jáde, láti ìlú dé ìlú. Wọ́n fi apá ti Lọ́kọ́jà ránṣẹ́ pé ká yẹ̀ ẹ́ wò. Mo kà á tán, ẹ ò sí níbẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá ìjọba tó máa ń wá jókòó sórí àga alága lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ní ó dá a sílẹ̀. Ìyẹn ò mọ ọ̀nà Agbájà. Ẹ̀yin lẹ fẹsẹ̀ gun òkè yẹn, tí ẹ gbé ọṣẹ àti aṣọ ọmọ tuntun lérí, tí ẹ lọ ń kọ́ àwọn abiyamọ bí wọ́n ṣe ń se omi mímu.

Ṣùgbọ́n n ò lè bá ará Èkó jà. Inú ìwé ìpàdé wa ni wọ́n ti mú un, èmi ni mo sì kọ ìwé náà. Ṣé ẹ rántí? Ẹ ò mọ̀wé, torí náà ẹ máa ń so kókó sétí gèlè yín, kókó kan fún ọ̀rọ̀ kan tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ó kọ́kọ́ kí gbogbo ìpàdé ní “Òkun o,” ìkíni ilé wa, àwọn tí kì í ṣe ará wa pàápàá á dáhùn. Èmi tí mo wà ní ìwé kẹfà á jókòó tì yín lábẹ́ igi máńgòrò, mo ń kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń tú u. Mo kọ orúkọ gbogbo ìyá tó sọ̀rọ̀, Nupe, Igala, Ebira, n ò fo ẹnì kankan. Tó bá kàn yín, ọwọ́ mi á dúró. Ọmọ wo ló ń pe orúkọ ìyá ẹ̀? “Ìyá Ẹgbẹ́” ni mo ń kọ, bí gbogbo ìlú ṣe ń pè yín. Èkó rò pé oyè lásán ni. Wọ́n wá orúkọ, wọ́n rí ti ìyàwó ọ̀gá nísàlẹ̀ ìwé níbi tó ti ń buwọ́ lù ú.

Mo lọ bá Ìyá Rámátù, ọ̀rẹ́ yín ará Ìlọrin tó ń ta aṣọ, pé kí wọ́n wá jẹ́rìí pé ẹ̀yin lẹ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n jẹ́rìí dáadáa, wọ́n sì sun ẹkún tí n ò sun. Nígbà tí mo ní kí wọ́n dárúkọ yín nínú ẹ̀rí náà, wọ́n wò mí bí ẹni pé mo bú wọn. “Ìyá Ẹgbẹ́ kẹ̀! Orúkọ wo lo tún ń wá?” Ọdún mélòó lẹ fi jọ rìn, Màmá, tí wọn ò bi yín? Àbí ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n?

Gèlè yín aláwọ̀ aró wà lórí àga. Kókó kan ṣì wà létí ẹ̀. N ò tú u. Kí lẹ fẹ́ sọ?

Ọ̀la ni lẹ́tà àtúnṣe wa gbọ́dọ̀ lọ sí Èkó kí wọ́n tó tẹ ìwé. Mo ti jókòó ti bébà náà láti àárọ̀. Mo kọ “Màmá mi”, mo pa á rẹ́. Mo kọ “Ìyá Ẹgbẹ́”, mo pa ìyẹn náà rẹ́. Màmá àgbà nìkan ni mo gbọ́ tó pe orúkọ yín rí, nígbà tí a bá lọ kí wọn ní Ọ̀wọ́rọ̀. Wọ́n á pè é láti ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀yin á sì sáré jẹ́ wọn bí ọmọ kékeré. Ojú máa ń tì mí, inú mi sì máa ń dùn.

N ò fẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ rí i. Ẹ jẹ́ kí n kọ orúkọ yín síbí ná, láàárín èmi àti ẹ̀yin, kí n tó kọ ọ́ sí tiwọn. Ẹ má bínú sí mi, kì í ṣe àfojúdi.

Mojísọlá.

Òkun o, Màmá. Omi ti ń kán sórí ìwé.

Èmi ni, ọmọ yín, akọ̀wé yín.