Igun Tábìlì Màmá Tí Mo Yí Sí Ògiri

Ìyàwó mi, o kú iṣẹ́ òru. Jọ̀ọ́, má gbé búlọ́ọ̀kù tó wà lórí tábìlì Màmá rẹ kúrò kó tó di ìrọ̀lẹ́. Gọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀ ò tíì gbẹ.

Awọ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo tábìlì náà, tó ń ṣí létí, ni mo ní kí n lẹ̀ láàárọ̀ yìí, kí Màmá tó kó dé ọ̀dọ̀ wa lọ́sàn-án. Ó lẹ̀ dáadáa. Ó yẹ kí n fi mọ níbẹ̀, àmọ́ àṣejù wọ̀ ọ́. Mo bọ́ sí igun kejì, mo ń fi sáńpépà ha á kó lè dán. Mo ṣe bí igi kan náà ni látòkè délẹ̀. Àfi bí igi funfun ṣe yọ sí mi, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

Mo sáré pe káfíńtà. Ó wò ó títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọsàn lẹ ń bó ni? Awọ yìí ò nípọn ju páálí lọ.” Ó ní kò ṣe é dá padà, àfi ká wá àwọ̀ tó jọ ọ́ kùn ún, ká tó fi fáníìṣì.

Tábìlì yẹn nìkan ni Màmá ní ká bá wọn gbé kúrò nílé bàbá rẹ. Mo fi aṣọ bò ó, mo tún ká a kúrò, torí ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí wò. Mo wá yí igun náà sí ògiri.

Má fi omi nù ún o. Tí wọ́n bá bèèrè, má parọ́ nítorí mi. Ṣùgbọ́n má tètè sọ òótọ́ kí n tó dé.