Nọ́ńbà Òkun Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Kútọnu

Èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe Káyọ̀dé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn síta ná, torí ó ti há mi lọ́fun, kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún ní Festac níbí tí kò ní dé etí Daddy mi. Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá kà á, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa bú mi, torí mo ti bú ara mi tó.

Ọ́fíìsì ìjọba kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Iṣẹ́ wa ni ká máa ṣọ́ òkun. A ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ jẹ́tì, ìyẹn afárá tó yọ wọ inú òkun, òun ló ń wọn bí omi ṣe ga tó àti bí ìgbì ṣe lágbára tó, tó sì ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wa. Àwọn ará Gánà ní tiwọn, Tógò ní tiwọn, Benin Republic náà ní tiwọn. Àdéhùn tó wà nílẹ̀ ni pé ká máa pín nọ́ńbà yìí láàárín ara wa lójoojúmọ́, torí òkun kan náà ló wà níwájú gbogbo wa, òkun ò mọ bọ́dà. Tí ìgbì ńlá bá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó sábà máa ń kọ́kọ́ kan àwọn ará Gánà. Tí tiwọn bá ti ga, àwa tó kù á tètè mọ̀, a ó sì kìlọ̀ fún àwọn apẹja tó ń gbé etí òkun kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ wọn gòkè. Tèmi nínú iṣẹ́ yìí ni pé kí n kó nọ́ńbà Lagos jọ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, kí n fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi, òun á fọwọ́ sí i, á wá gbé e sórí page tí gbogbo orílẹ̀-èdè yẹn ti ń rí i. Iṣẹ́ tó rọrùn ni... àbí bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Ọ̀gá mi yìí, deacon ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kì í ṣe ọ̀gá lásán fún mi. Nígbà tí Daddy ṣì ń ṣiṣẹ́ federal, abẹ́ wọn ló ti bẹ̀rẹ̀, Daddy ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ memo. Nígbà tí mo ṣe service tán tí mo jókòó sílé, òun ló fà mí wọ ọ́fíìsì. Lẹ́yìn tí Mummy mi kú, òun ló máa ń gbé Daddy lọ sí ọsibítù lọ wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Gbogbo ayé mi, "wọ́n" ni mo fi ń pè é. Ẹ má bínú pé mo ń pè é ní "ó" níbí... ẹnu mi ò gbà á mọ́.

Ẹni tó ń gba nọ́ńbà wa ní Kútọnu ń jẹ́ Rémi. Ọmọ Àjàṣẹ́ ti Benin Republic níbẹ̀ ni, Yorùbá ni ìyá ẹ̀, Yorùbá la sì jọ máa ń sọ, àfi pé tiẹ̀ ń dún bíi Faransé. Lọ́jọ́ kan ló pè mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o, ṣé òkun tiyín kì í ru ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò ṣeré. Ó ní òkun ru ní Gánà, ó ru ní Tógò, ó wọ ilé àwọn èèyàn lọ́dọ̀ àwọn, Lagos nìkan ló dákẹ́ bí omi inú kẹ́ẹ̀gì. Ó ní ṣé ẹ̀rọ wa ò ti bàjẹ́?

Òun gan-an ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo ní àwọn ará ibẹ̀ yẹn fẹ́ dójú ti Nàìjíríà ni, bóyá ẹ̀rọ tiwọn ló ń ṣe wèrè tí wọ́n wá ń tì í sí wa lọ́rùn. Mo lọ sọ fún ọ̀gá. Ó bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó nù ún títí, ó ní kí n má bá àwọn ará Kútọnu sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́, pé nǹkan tí wọ́n máa fi bà wá lórúkọ jẹ́ ni wọ́n ń wá. Mo ní yes sir. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó sídìí tábìlì mi ni ọ̀rọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn mí lára. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé ẹ̀rọ ẹ̀ bàjẹ́, ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ yẹn ló máa kọ́kọ́ ní kí wọ́n lọ yẹ̀ wò? Kí ló dé tí kò fi rán ẹnikẹ́ni lọ?

Káyọ̀dé ló ń tọ́jú ẹ̀rọ náà. Ìgbà kan náà ni wọ́n gba èmi àti òun síṣẹ́. Apple Junction ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fẹ́ lọ ha àwọn ìkarahun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ yẹn, mo bá tẹ̀ lé e. Òkun ń bínú lọ́jọ́ náà, omi ń ta sí wa lójú lórí jẹ́tì. Nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ, mo fojú ara mi rí i, ó ga. A padà sí ọ́fíìsì, mo kó o jọ bó ṣe wà, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Ní ọjọ́ kejì mo ṣí page tí gbogbo wa jọ ń lò... nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ fún Lagos, kì í ṣe èyí tí mo fi sílẹ̀. Ẹnì kan ti gé e, ó ti dín in kù. Mo wo àwọn ọjọ́ mìíràn. Ọjọ́ tí òkun bá dákẹ́, tèmi àti tibẹ̀ á bára mu. Ọjọ́ tí òkun bá ru nìkan ni wọ́n máa ń gé e. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rọ tó bàjẹ́ kì í yan ọjọ́ tó máa parọ́.

Ta ló wà láàárín èmi àti page yẹn? Ọ̀gá nìkan ni.

Mo ṣì ń bẹ ara mi pé kí n má fura sí i. Mo ní ó lè nídìí. Àfi Sunday kan tó wá jẹun nílé wa lẹ́yìn ìsìn. Òun àti Daddy ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Àwọn kan ń da yanrìn sí etí òkun, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé síbẹ̀, pátákó ìpolówó wọn wà lọ́nà Trade Fair. Ó ń rọ Daddy pé kí wọ́n ta flat wa yìí, kí wọ́n gba ibì kan níbẹ̀, pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Daddy béèrè pé ṣé omi ò ní gbé ilé lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà ọ́fíìsì wa ni wọ́n fi ṣe ìwádìí ibẹ̀. Òkun ibẹ̀ tutù." Daddy bá yíjú sí mi, inú wọn dùn, wọ́n ní ṣebí ọmọ àwọn ló ń kó nọ́ńbà yẹn jọ, kí làwọn tún ń bẹ̀rù. Mo wo ọ̀gá. Ó ń fọ ọwọ́ ẹ̀ nínú abọ́, kò gbójú sókè.

Ṣé mo ní ẹ̀rí pé àwọn tó ń da yanrìn ló ń lò ó? Mi ò ní. Ìfura ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó... ta ni òkun tó tutù ń ṣe láǹfààní?

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni nọ́ńbà Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ti Tógò tẹ̀ lé e. Rémi kọ̀wé sí mi lórí fóònù. Ó ní ìgbì ti já ẹ̀rọ tiwọn dànù, ojú wọn ti fọ́, Lagos làwọn ń wò báyìí torí àárín Tógò àti Lagos làwọn wà. Ó ní ọ̀gá àwọn sọ pé tí Lagos bá ṣì dákẹ́, àwọn ò ní dá àwọn èèyàn láàmú. Ó ní, "Àǹtí, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé lóòótọ́ ló dákẹ́?" Mo wo page. Nọ́ńbà Lagos tó wà níbẹ̀ rẹlẹ̀. Kọ̀ǹpútà Káyọ̀dé nìkan ló ń gba nọ́ńbà tààrà láti ara ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Káyọ̀dé ò sì sí níjókòó, ó ti yọ́ lọ gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, èmi nìkan ló sọ fún pé kí n máa bá òun dá ẹni tó bá béèrè òun lóhùn. Mo lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ẹ̀. Ó ṣí sílẹ̀. Mo rí nọ́ńbà yẹn bó ṣe ń gòkè. Mo fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí Kútọnu láti ibẹ̀, mo dìde, mo lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n kìlọ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn apẹja wọn wọ́ ọkọ̀ gòkè, wọ́n kó ọmọ kúrò létí omi. Nígbà tí òkun dé, ó gbé àtíbàbà àti ahéré lọ, kò gbé ẹ̀mí lọ. Rémi fi voice note ránṣẹ́ sí mi, ńṣe ló ń sunkún. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Mo lọ bá ọ̀gá pé ṣé ká má kìlọ̀ ni, ó ní nọ́ńbà ò tíì tó ìkìlọ̀. Òkun wọ abúlé àwọn Ẹ̀gùn kan lọ́sàn-án gangan, ó fọ́ ọkọ̀ wọn, ó gbá ìyá kan tó ń yan ẹja mọ́ ògiri, ẹsẹ̀ ẹ̀ kán. Kí ló dé tí mi ò fi pariwo? Kí ló dé tó jẹ́ pé àjèjì ni mo lè ràn lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀, tí mi ò lè ran ará ilé ní gbangba?

Ohun tó wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ ni ọpẹ́. Àwọn ọ̀gá Kútọnu dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ́fíìsì wa lójú gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè tó kù, pé nọ́ńbà tí Lagos tètè fi ránṣẹ́ ló gba àwọn là. Ọ̀gá mi ò fi ohunkóhun ránṣẹ́. Ọ́fíìsì wa bá tọpasẹ̀ ẹ̀ dé orí kọ̀ǹpútà Káyọ̀dé. Wọ́n ní Káyọ̀dé ń gbé àṣírí ìjọba fún orílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé títí ìgbìmọ̀ á fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ó ń búra pé òun ò mọ nǹkan kan. Mo dúró síbẹ̀... mi ò sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo èèyàn ni mò ń fura sí. Ọ̀gá pè mí wọ ọ́fíìsì ẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó fún mi ní malt, ó ní, "Ọmọ mi, mo mọ̀ pé ìwọ ò lè ṣe irú ẹ̀ láé. Àbí o lè ṣe é?" Ó sì ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ó mọ̀ ni? Ṣé ó ti mọ̀ pé èmi ni, tó kàn fẹ́ fi Káyọ̀dé dí mi lẹ́nu? Rémi náà ò gbé fóònù mi mọ́. Ṣé wọ́n ti bá a wí ni, àbí ó ti dárúkọ mi? Daddy ti mú ẹni tó fẹ́ ra flat wálé wá wo yàrá. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, wọ́n bi mí pé kí ni mo mọ̀ tí deacon ò mọ̀. Wọ́n ń wò mí bí ẹni pé ẹnì kan ti bá wọn sọ nǹkan nípa mi. Àbí ìfura tèmi náà ti pọ̀jù ni?

Wọ́n ti fi orúkọ mi sí ara àwọn tó máa jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀gá ní kí n kàn sọ pé ìdí kọ̀ǹpútà ẹ̀ ni Káyọ̀dé máa ń jókòó sí, kí n má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí mo bá sọ pé kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á bi mí pé ta ló wà níbẹ̀. Tí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ mi lọ, ọ̀rẹ́ Daddy di ọ̀tá, ẹ̀jẹ̀ ríru Daddy ńkọ́? Tí mo bá sì dákẹ́, Káyọ̀dé lè ṣẹ̀wọ̀n, Daddy á sì lọ kọ́lé sínú omi.

Ìyàwó Káyọ̀dé pè mí láàárọ̀ yìí. Ohùn ẹ̀ ti há. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá wọn sọ níwájú ìgbìmọ̀ pé ọkọ òun gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní Káyọ̀dé ń wo gbogbo ará ọ́fíìsì bí ọ̀tá báyìí, kò jẹun, kò sùn, ó ń ka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé ta ló ṣe òun léyìí. Ó wá ní, "Àǹtí, ó ní ẹ̀yin nìkan lòun ò fura sí." Mo ní màá pè é padà. Mi ò tíì pè é. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa sọ fún un?